Ṣé Ẹ́ńjìnnì Díísù Lè Mu Òróró? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Ìyá Mi

Ìbéèrè kan wà tó máa ń jáde nígbàkúùgbà tí epo bá ti gbówó lórí: ṣé òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì díísù lè fi òróró tí a fi ń dín àkàrà ṣiṣẹ́? Ìdáhùn kúkúrú ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é. Ìdáhùn tó gùn díẹ̀ ni pé mo dán an wò lára ẹ́ńjìnnì ìyá mi, mo sì bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ká wá jọ wo sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí ẹ̀, kí tiyín má baà rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀SẸ̀ MẸ́TA ADÙN

Ìlobùú ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé ìlú méjèèjì fara kan ara wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni ìyá mi fi tọ́ wa. Àwọn tó ń ṣe gàrí á gbé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó wá, a ó rin ín fún wọn, wọn á sanwó, wọn á dà á sínú àpò, wọn á gbé e sábẹ́ jáákì kí omi rẹ̀ lè ro. Ẹ́ńjìnnì díísù onípísítìnì kan ló ń yí ẹ̀rọ yìí. Lister ni gbogbo ayé ń pè é lọ́dọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Íńdíà ni wọ́n ti ṣe tiwa.

Lọ́dún 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ́ sílẹ̀, owó díísù fò sókè káàkiri ayé. Kí ọdún náà tó parí, owó lítà kan ní Nàìjíríà ti ju ìlọ́po méjì iye tó wà lóṣù kìíní lọ. Ìyá mi ò lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ kún owó rírin, torí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ náà ò rí gàrí tà bí wọ́n ṣe fẹ́. Gbogbo alẹ́ ló máa ń ka owó, tá á sì mí kanlẹ̀.

Èmi ọ̀mọ̀wé, mo gbé fóònù, mo rí fídíò. Òyìnbó kan ń da òróró tí ilé oúnjẹ kan ti lò tán sínú ọkọ̀ Mercedes àtijọ́, ọkọ̀ náà sì ń lọ geere. Mo ní, ṣé bó ṣe rọrùn nìyí? Mo lọ bá ìyá alákàrà àdúgbò wa, mo ra òróró ilẹ̀ apẹ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo sì pò ó mọ́ díísù, ìdajì sí ìdajì.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn! Èéfín rẹ̀ ń ta sánsán bí àkàrà. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè pé ta ló ń dín nǹkan lẹ́yìn ilé. Ìyá mi yìn mí lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi gbádùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọyẹ́ dé. Láàárọ̀, a ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí, kò ní dáhùn. Tó bá wá dáhùn, èéfín dúdú ni. Agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ ń há sínú ẹ̀rọ. Níkẹyìn ó dákẹ́ pátápátá. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ó pè mí kí n wá fi ojú ara mi rí i. Èédú ti dì mọ́ ẹnu nọ́súlù bí èédú ìdí ìkòkò. Àwọn ríìngì tó yí písítìnì ká ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò wọn. Ọ́ọ̀lì inú ẹ́ńjìnnì ti ki bí ògì tó fẹ́ di ẹ̀kọ. Ó bojú wò mí, ó ní, "Àbúrò, kí lẹ fún ẹ́ńjìnnì yìí mu?"

Owó èésú tí ìyá mi fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àbúrò mi la fi tún un ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ ò fi ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà kan ti rí ibòmíràn lọ, wọn ò sì padà wá.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé gidi nìyẹn. Ohun tí mo rí rèé.

ÒRÓRÓ Ẹ̀PÀ NÍ PÁRÍÌSÌ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun rárá. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Páríìsì lọ́dún 1858, ló ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Níbi àfihàn àgbáyé tó wáyé ní Páríìsì lọ́dún 1900, iléeṣẹ́ Otto ti ilẹ̀ Faransé gbé ẹ́ńjìnnì Diesel kékeré kan kalẹ̀, òróró ẹ̀pà ni wọ́n sì rọ sí i. Ó ṣiṣẹ́ débi pé àwọn tó mọ̀ pé òróró ni ò pọ̀ rárá.

Lónìí, wọ́n máa ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé torí òróró ni Diesel ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo inú ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà fún. Diesel fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lọ́dún 1912 pé ìjọba Faransé ló béèrè fún ìdánwò òróró ẹ̀pà, nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ṣe níbi àfihàn yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ìyá mi ń ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta adùn kò sọ ohun tí oṣù mẹ́ta máa bí.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI Ń JÓ, KÍ LÓ DÉ TÓ FI Ń BA Ẹ́ŃJÌNNÌ JẸ́?

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò máa ń lo pọ́lọ́ọ̀gì láti tanná sí epo. Ti díísù ò ní pọ́lọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ lásán ni písítìnì rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ ìfúntáyà yẹn máa ń gbóná. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì díísù, àmọ́ títẹ̀ tibẹ̀ pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ náà máa ń gbóná ju 500°C lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni nọ́súlù á fọ́n epo sínú rẹ̀ bí ìrì wínníwínní, epo náà á sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí òróró fi lè jó níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá lè gbiná nínú irú ooru yẹn, ẹ́ńjìnnì á gbìyànjú rẹ̀.

Wàhálà wà nínú ọ̀rọ̀ "bí ìrì". Tí a bá wọn bí nǹkan ṣe ki tó ní 40°C, díísù máa ń wà láàárín 2 sí 4.5. Òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa wà ní nǹkan bíi 40. Ìyẹn ni pé ó ki tó díísù mẹ́wàá. Ihò nọ́súlù kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Tí ohun tó ki bẹ́ẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá, kò ní fọ́n bí ìrì mọ́, á máa jáde bí ẹ̀kán òjò ńláńlá. Ẹ̀kán ńlá ò ní ráyè jó tán. Èyí tí kò jó tán á di èédú lẹ́nu nọ́súlù. Èyí tó lu ara ògiri á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì lọ sísàlẹ̀, á lẹ àwọn ríìngì mọ́lẹ̀, á sì bá ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì pò títí tó fi máa ki. Gbogbo ohun tí mẹkáníìkì fi hàn mí nìyẹn.

Ẹ lè fi ojú yín rí i nílé. Ẹ mú ike omi méjì tó dọ́gba, kí ẹ fi ìṣó kan náà lu ihò kékeré sí ìdérí wọn. Ẹ bu díísù díẹ̀ sí ọ̀kan, kí ẹ bu òróró tó ṣe déédéé rẹ̀ sí èkejì. Ẹ gé ìdí ike náà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ẹ dojú wọn dé sórí ife, kí ẹ sì fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o, níbi tí kò sí iná. Ẹ ó rí èyí tó máa kọ́kọ́ tán, ẹ ó sì mọ ohun tí ojú nọ́súlù ń rí.

Tí epo pupa bá ni, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. Àwa náà ṣáà ń rí i nínú ìgò bó ṣe máa ń dì nígbà ọyẹ́. Ó tó nǹkan bíi 35°C kó tó yọ́ tán. Bí òróró àkàrà tí mo rà ṣe ń dá ẹ́ńjìnnì wa dúró láàárọ̀ nìyẹn: epo pupa wà nínú rẹ̀.

ẸRÙ IGI ÀTI ỌṢẸ DÚDÚ

Báwo wá ni a ṣe lè sọ òróró di fífúyẹ́? Ẹ fojú inú wo ẹrù igi ìdáná, igi gígùn mẹ́ta tí a fi okùn kan dì pọ̀. Ẹrù náà ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Tí a bá tú u, igi kọ̀ọ̀kan á wọlé wọ́ọ́rọ́. Bí mólékù òróró ṣe rí gan-an nìyẹn: ìrù gígùn mẹ́ta, gílísírínì sì ni okùn tó so wọ́n pọ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti ń tú ẹrù yìí láti ayébáyé. Wọ́n á jó èèpo kòkó di eérú, wọ́n á ro omi eérú náà, wọ́n á sì sè é pọ̀ mọ́ epo tàbí àdín. Omi eérú tú okùn, ó wá di àwọn igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú fúnra rẹ̀, ìyẹn ló di ọṣẹ.

Tó bá jẹ́ báyódíísù la fẹ́ ṣe, ohun tí a ó fi tú u jọ ti ọṣẹ, ìyẹn kósítíìkì, àmọ́ ìba díẹ̀ ni, ó sì kàn ń ṣèrànwọ́ ni. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, tó jẹ́ ìbátan ọtí, ló máa di àwọn igi náà mú. Tí a bá fi nǹkan bíi kílò 10 mẹ́tánọ́ọ̀lù pò mọ́ kílò 100 òróró nínú ooru tó tó 60°C, a ó rí nǹkan bíi kílò 100 báyódíísù, àti nǹkan bíi kílò 10 gílísírínì tó máa rọ̀ sísàlẹ̀. Kíki rẹ̀ á wálẹ̀ láti 40 sí láàárín 4 sí 5. Ó ti wá súnmọ́ díísù nìyẹn. Agbára rẹ̀ dín díẹ̀ sí ti díísù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Epo ọ̀pẹ ti Áfíríkà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Lọ́dún 1937, G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù lórí bí a ṣe ń sọ òróró di epo ẹ́ńjìnnì lọ́nà yìí. Lọ́dún 1938, bọ́ọ̀sì kan tó ń kó èrò láàárín Brussels àti Louvain fi epo pupa tí wọ́n ti ṣe báyìí rìn. Kóńgò, tó wà lábẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù nígbà náà, ni wọ́n ti ń kó epo pupa wá.

ṢÉ KÍ A WÁ MÁA ṢE É NÍLÉ?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń wá kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Àkọ́kọ́, mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun eré. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àìsàn kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn èèyàn. Ojú wọn á kọ́kọ́ máa ṣú, orí á máa fọ́ wọn, wọn á sì kú láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà nínú ògógóró ni. Ó máa ń fọ́ni lójú, ó máa ń pani. Èéfín rẹ̀ léwu fún ẹni tó ń fà á símú. Kò dúró de ooru kó tó gbiná, ọ̀sán gangan wa ti tó o, iná rẹ̀ kì í sì í hàn dáadáa lójú. Kósítíìkì ní tiẹ̀ máa ń bó ara. Ilé tí ọmọdé wà, tí wọ́n ti ń dáná, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èkejì, epo wa máa ń kan. Ẹyìn tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é, epo rẹ̀ á ti ní ásíìdì púpọ̀ nínú. Òróró tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ léraléra náà rí bẹ́ẹ̀, omi ẹ̀wà sì tún wà níbẹ̀. Tí kósítíìkì bá pàdé ásíìdì àti omi, ọṣẹ ló máa di. Ẹ ó wá báyódíísù, ẹ ó bá ìfófòó. Wọ́n lè tún irú epo bẹ́ẹ̀ ṣe, àmọ́ iléeṣẹ́ tó ní irinṣẹ́ ìwọ̀n ló lè ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò owó, òun gan-an ló mú mi dákẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, lítà epo pupa tàbí òróró tuntun wọ́n ju lítà díísù lọ lọ́jà wa. Kò sí ọgbọ́n nínú kí èèyàn da oúnjẹ tó wọ́n sínú ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀ wa yìí ni igi ọ̀pẹ ti ṣẹ̀, Nàìjíríà ló sì ń ta epo pupa sókè òkun jù lọ nígbà kan rí. Lónìí, a ń ra kún tiwa láti òkèèrè.

Ó wá ku òróró àlòkù. Ẹ́ńjìnnì ìyá mi ń mu nǹkan bíi lítà kan ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, lítà 36 nìyẹn. Ìyá alákàrà wa kì í ní ju lítà mẹ́rin tó ṣẹ́kù lọ́sẹ̀. A ó nílò alákàrà mẹ́sàn-án kí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo tó lè ṣiṣẹ́!

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé kò ṣeé ṣe o. Indonesia, tó ń ṣe epo pupa jù láyé, ti pàṣẹ láti ọdún 2025 pé kí báyódíísù ọ̀pẹ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún díísù tí wọ́n ń tà. Nàìjíríà náà gbé ètò kan kalẹ̀ lọ́dún 2007 pé ká máa fi ìdá 20 pò mọ́ díísù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Indonesia ní oko ọ̀pẹ tó pọ̀ rẹpẹtẹ, ó ní iléeṣẹ́ ńlá, ó sì ń fi owó ran ètò náà lọ́wọ́. Iṣẹ́ àgbájọ ọwọ́ ni. Tí ilé oúnjẹ ńláńlá Òṣogbo, Ìbàdàn àti Èkó bá ń kó òróró àlòkù wọn jọ fún iléeṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn ní láárí. Kò sì ní padà sínú apẹ ẹnikẹ́ni láti fi dín nǹkan míì, torí pé òróró tó ti dúdú lórí iná kò dára fún ara.

OHUN TÓ YẸ KÍ ẸNI TÓ NÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ MỌ̀

Tó bá jẹ́ mọ́tò díísù ìgbàlódé lẹ ní, ẹ má dán an wò. Ìtẹ̀ tí wọ́n fi ń fọ́n epo nínú rẹ̀ ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ, ihò nọ́súlù rẹ̀ sì tín-ín-rín ju ti Lister lọ fíìfíì. Bí àdín ṣe jẹ́ èèwọ̀ Èṣù, bẹ́ẹ̀ ni òróró lásán ṣe jẹ́ èèwọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn.

Àwọn tó fi òróró lo ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò bàjẹ́ kì í dà á sínú rẹ̀ bí èmi ṣe ṣe. Táńkì méjì ni wọ́n máa ń ní. Díísù ni wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó bá ti gbóná, wọ́n á yí i sí òróró tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, tí wọ́n ti yọ omi inú rẹ̀, tí wọ́n sì ti mú gbóná tó 70 tàbí 80°C kó lè ṣàn. Kí wọ́n tó pa á, wọ́n á dá a padà sí díísù kí òróró má baà dì sínú páìpù. Wọ́n á sì máa yí ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì lemọ́lemọ́. Gbogbo èyí ni fídíò tí mo wò ò sọ, tàbí kó jẹ́ pé ó sọ ọ́ tí èmi ti fò ó kọjá.

Ẹ̀rọ ìyá mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Díísù nìkan ló ń mu. Èyí tó dín owó kù fún wa kò ní àṣírí kankan nínú: a ń pààrọ̀ fítà lásìkò, a so bẹ́líìtì le, a sì ń dúró kí ẹ̀gẹ́ pọ̀ díẹ̀ ká tó tan ẹ́ńjìnnì, dípò ká máa tàn án fún abọ́ kan.

Ìyá mi ti dárí jì mí, àmọ́ kò gbàgbé. Tó bá ti rí i pé mo tẹjú mọ́ fóònù pẹ́, á na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ rẹ̀, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo tún kà? Sọ fún mi kí n yáa lọ ti ilẹ̀kùn mi."